Ìbọn Ogun Àtijọ́: Èwo Ni Kí Ọmọ Ọ̀kún Kọ́kọ́ Rà, Níbo Ni Kí Ó sì Tọ́jú Rẹ̀ Sí?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rí ohun kan tí ojú àwa tó wà nílé kò fi bẹ́ẹ̀ tó. Ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn, ìbọn tí ọmọ ogun gbé lọ sójú ìjà ní ọgọ́rin ọdún tàbí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn wà lórí àtẹ. Aráàlú tí ìwé rẹ̀ bá pé lè rà á, kí ó fi kọ́ ìtàn, kí ó sì máa yìn ín sí àmì ní pápá ìdánrawò. Ọmọ Kàbà tàbí ọmọ Ìsánlú tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìbéèrè méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé èwo ni kí òun kọ́kọ́ rà nínú gbogbo wọn? Èkejì, tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè títí ọ̀rọ̀ yóò fi di ti àgọ́ ọlọ́pàá, ni pé ṣé òun lè gbé e wálé?

Èrò tèmi rèé, kí n sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹni tó bá fẹ́ ìbọn tí yóò máa yìn, Lee-Enfield ni kí ó kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìtàn ni òun ń wá, Snider ni kí ó wá kiri. Èyí tó wù kí ó rà, ibi tí ó ti rà á ni kí ó fi sí. Àwa tó wà nílé náà ní iṣẹ́ tiwa: kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n ṣe àyè nínú òfin fún àwọn ìbọn àtijọ́ tó jẹ́ ogún ìran wa, kí ìrántí má baà sọ ọmọlúàbí di ọ̀daràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn ìbọn wọ̀nyí ṣe ń dé ọwọ́ aráàlú. Nígbà tí ìjọba kan bá pààrọ̀ ìbọn àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sí tuntun, àwọn ti àtijọ́ a di àṣẹ́kù nínú ilé ìkóhun-ìjà. Òmíràn ni wọ́n ń yọ́ fún irin, òmíràn ni wọ́n ń tà fún oníṣòwò. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láti ilé ìkóhun-ìjà ìjọba Nepal. Snider àti Martini-Henry tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ní ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ìbọn tó ti kúrò lójú ogun láti ayé àwọn bàbá ńlá wa fi ṣì wà ní ọjà lónìí.

Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ Ọ̀kún ní í ṣe pẹ̀lú Snider? Ìbéèrè yìí tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Ṣáájú kí àwọn Òyìnbó tó gba àkóso, àwọn Tápà láti Bídà ló ń kó Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́rú, tí wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹṣin wà lọ́wọ́ wọn, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń rí gbà lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tó wà lórí odò Ọya. Orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá lọ. Ọfà àti àdá kò tó láti kojú ẹni tó ń fi ìbọn jà láti òkèèrè.

Ní apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà kan náà ni àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ohun tí ìbọn tuntun lè ṣe. Nínú ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn 1877, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí ìbọn tí a ń ki láti ìdí, Snider sì wà nínú wọn. Ìbàdàn tó ti ń fi ìbọn ṣakabùlà ṣẹ́gun kiri rí i pé àgbà kan ti dé tó ju òun lọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀tù àti ọ̀pá ki ìbọn láti ẹnu ní láti dìde dúró, kí ó ka ìṣẹ́jú. Ẹni tó gbé Snider lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì, kí ó ṣí ìdí ìbọn, kí ó ti ọta bọ inú rẹ̀, kí ó sì yìn ín léraléra. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ẹsẹ̀ kò tíì yẹ̀ lábẹ́ Èkìtìparapọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni Snider dé Kàbà pẹ̀lú agbára ńlá. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, kó ọmọ ogun jáde láti Lọ́kọ́já. Kàbà ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé nítorí pé ibẹ̀ ni ogun Tápà pàgọ́ sí. Kí wọ́n tó dé, àwọn Tápà ti kúrò níbẹ̀. Láti Kàbà ni wọ́n ti lọ sí Bídà, ìlú náà sì bọ́ sí ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní. Snider ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Haúsá àti Yorùbá. Ìbọn Maxim tó ń rọ ọta bí òjò sì wà pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní Lọ́kọ́já, wọ́n sì fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Ìbọn kan náà tó lé olówó-ẹrú jáde ló mú ọ̀gá mìíràn wọlé. Ọmọ tó bá gbé Snider kọ́ sára ògiri rẹ̀ ní Houston tàbí ní London, kí ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìtàn yìí ni òun gbé kọ́.

Lee-Enfield ní tirẹ̀ jẹ́ ìbọn àwọn bàbá wa tí a mọ̀ lójú. Òun ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, nínú ìpín ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Púpọ̀ nínú wọn padà wálé pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lára aṣọ, wọ́n sì fi ìbọn náà sílẹ̀ fún ìjọba tó ni ín. Ìtàn tí wọ́n sọ fún ọmọ wọn nípa igbó Bọ́mà, nípa ẹrù tí wọ́n gbé lórí àti nípa òjò tí kò dá, ìbọn yìí wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ yíyàn. Ìka tó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Àṣìṣe tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ṣe ni pé owó orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1891, ló rọ̀jù lọ́jà ní Amẹ́ríkà, òun sì ni àwọn ènìyàn ń gba olùbẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti rà. Owó rẹ̀ ti fò sókè báyìí, nítorí náà ìdí tí wọ́n fi ń yìn ín ti dínkù. Ìbọn tó le ni, kò sì tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbá èjìká, ọwọ́ ìṣíkà rẹ̀ sì máa ń le. Mauser ti Jámánì, tí irú rẹ̀ jáde ní 1898, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó dára gan-an, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ni Rọ́ṣíà kó lójú ogun, tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sì tún tò pọ̀ láìwo nọ́ńbà ara wọn. M1 Garand ti Amẹ́ríkà ń yìn ọta mẹ́jọ láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí i ká, ṣùgbọ́n ètò tí ìjọba fọwọ́ sí tó ń tà á fún aráàlú níbẹ̀, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti lé irú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ aráàlú láti 1988.

Ohun tó mú kí n fi Lee-Enfield ṣíwájú nìyí. Ọta mẹ́wàá ló ń gbà nígbà tí púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba márùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣí kí a sì pa dé. Ọta rẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ .303 ínǹṣì, ṣì ń jáde tuntun láti ilé-iṣẹ́ lónìí. Ìbọn tí a kò rí ọta rà fún kò yàtọ̀ sí ọ̀pá ìtilẹ̀. Irú rẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó jáde ní 1907, tó gbajúmọ̀ ní ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àti Nọ́ńbà 4 ti ogun kejì. Nọ́ńbà 4 ni mo rò pé ó yẹ olùbẹ̀rẹ̀ jù, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ nípọn díẹ̀ sí i, ihò ìwòran rẹ̀ sì súnmọ́ ojú, èyí tó mú kí ó rọrùn láti fojú sun àmì.

Kí olùrà tó san owó, kí ó fi iná wo inú ọ̀pá ìbọn. Àwọn ìlà tó lọ́ po nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete, láìsí ihò ìpata tó jinlẹ̀. Kí ó wo nọ́ńbà tó wà lára ìdíbọn tí a ń ṣí tí a sì ń pa dé, bóyá ó bá ti ara ìbọn mu; bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ méjì tí kò mọra ni wọ́n so pọ̀. Kí ó gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́, kí ó wọn àlàfo tó wà láàárín ìdíbọn àti ìdí ọta, nítorí pé bí àlàfo náà bá ti fẹ̀ jù, ìdí ọta lè ya, kí iná sì tú sí yìnyín ojú ayìnbọn. Kí ó sá fún èyí tí ẹnìkan ti gé igi rẹ̀ kúrú láti fi ṣọdẹ, àfi tí owó rẹ̀ bá rọ̀ gan-an tí kò sì wá ìtàn. Bí ó bá fẹ́ lo ọta àtijọ́ tí àwọn ológun ṣẹ́ kù, kí ó mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú ohun tó ń tan iná rẹ̀. Omi gbígbóná ni kí ó fi fọ inú ọ̀pá lọ́jọ́ kan náà, kí ó nù ún gbẹ, kí ó sì fi òróró pa á. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìpata ni yóò kí i káàárọ̀.

Snider kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọta rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ jẹ́ .577 ínǹṣì, ẹni tó bá sì fẹ́ máa yìn ín sábà ní láti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ọta fúnra ẹni, pẹ̀lú ẹ̀tù dúdú. Láti 1866 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á wọlé, nípa gígé ìdí ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, kí wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn sí i. Nítorí náà, ìbọn fún ìwòye àti ìkọ́ni ni kí a kà á sí. Ẹ̀bùn tó wà nínú rẹ̀ ni pé òfin àwọn ilẹ̀ náà rọ̀ fún un. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ kò ka ìbọn tí wọ́n ṣe kí 1899 tó wọlé sí ohun ìjà bí àwọn yòókù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá tọ́jú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún ẹwà tàbí ìrántí kò nílò ìwé àṣẹ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá gbèrò láti yìn ín. Lee-Enfield ní tirẹ̀ nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni náà sì ní ìdí gúnmọ́, bíi kí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ayìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní káàdì àwọ̀ ewé lè rà á, ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, òfin sọ pé rárá, àyàfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí ó yà sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kà èyí, kí ó fetí sí i dáadáa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù wà. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kẹta, èyí tó rọ̀ jù, ni ti ṣakabùlà àti àwọn ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, tí a ń gba ìwé àṣẹ wọn ní ìpínlẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ọ̀nà kìíní ni èèwọ̀: àwọn ohun ìjà tí kò sẹ́ni tó lè ní in àfi kí Ààrẹ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Nínú ọ̀nà kìíní yìí ni òfin ti dárúkọ ìbọn ológun tó jẹ́ .303, gẹ́gẹ́ bí ó ti dárúkọ 7.62. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Lee-Enfield tí àwọn baba wa gbé lọ sí Bọ́mà wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Ìjìyà ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán. Òfin kò béèrè bóyá ìbọn náà ṣì lè yìn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè bóyá ìrántí ni o fi ṣe. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?

Bí ẹnìkan bá wá sọ pé òfin kò dárúkọ .577, pé Snider ti bọ́ nìyẹn, kí ó má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ. Ìlà mẹ́ta inú àtòkọ yẹn kò ya ìbọn àtijọ́ sọ́tọ̀ rárá. Kódà, ìbọn ìléwọ́ tí a ń fi òkúta ìṣáná yìn, ohun tí ọ̀rúndún méjì ti lọ lórí rẹ̀, wà ní ọ̀nà èèwọ̀ gan-an. Ìbọn yòówù tí kò bá ní ìwé àṣẹ, ẹjọ́ ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi fèsì. Wọn yóò ní ilẹ̀ Ọ̀kún kò rọgbọ. Wọn yóò ní ajínigbé wà lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́já, wọ́n wà lójú ọ̀nà Ìsánlú, àgbẹ̀ ń bẹ̀rù oko rẹ̀. Wọn yóò rán wa létí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, tí ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì sá lọ. Kí ló dé tí ọmọ wa tó lè ra ìbọn ní òkè òkun kò fi ní gbé e wá fún ẹgbẹ́ ọdẹ?

Ìrora tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun àfowọ́rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìbọn àtijọ́. Lee-Enfield tí a bá gbé wọlé ní ìkọ̀kọ̀ kò ní rí ọta rà ní Kàbà, àfi lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìjà fún ajínigbé. Ọdẹ tó bá gbé e rìn yóò máa sá fún ọlọ́pàá àti ológun tó yẹ kí ó máa bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá sì mú un, ọdún mẹ́wàá ni ìlú yóò fi wá a tì. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọn tó ti pé ọgọ́rin ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò wọn, lè bú mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ran ẹgbẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ láti òkèèrè, kí ó ra alùpùpù, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, iná àfọwọ́tàn àti bàtà fún wọn, kí ó sì san owó ìwé àṣẹ ìbọn tí òfin gbà wọ́n láàyè láti ní. Èyí kò dùn ún ròyìn bí ìbọn, ṣùgbọ́n kò ní rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n.

Èyí ló mú mi dé ibi tí iṣẹ́ tiwa wà. Ní àgbàlá àwọn ìdílé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìbọn baba ńlá ṣì wà ní àjà àti ní ojúbọ, tí ìpata ń jẹ, tí kòkòrò sì ń jẹ igi rẹ̀. Ẹni tó jogún rẹ̀ wà láàárín ohun méjì: kí ó dákẹ́ kí òfin sì máa wò ó, tàbí kí ó tà á fún alágbẹ̀dẹ tí yóò yọ ọ̀pá rẹ̀ fi ṣe tuntun. Nínú méjèèjì, ìtàn ló ń kú. Ìdí nìyí tí mo fi rọ àwọn tó ń ṣojú wa ní Àbújá láti mú àtúnṣe wá sí òfin 1959. Kí òfin ní ọ̀nà kẹrin, ti ìbọn àtijọ́: kí ìdílé lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìbẹ̀rù ìmúni fún ìgbà tí a dá, kí wọ́n di í pa kí ó má lè yìn mọ́, kí wọ́n sì fún wọn ní ìwé pé ohun ìrántí ni.

Ẹnìkan lè sọ pé ilẹ̀kùn tí ọ̀daràn yóò gbà wọlé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní láti tún òfin ìbọn àtijọ́ rẹ̀ ṣe ní 2021, nítorí pé àwọn ọ̀daràn ń ra ìbọn ìléwọ́ àtijọ́, wọ́n sì ń ṣe ọta fún un. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí tiwa má gba ìbọn ìléwọ́ wọlé, kí ó sì jẹ́ èyí tí a ti dí nìkan ni yóò wà nílé. Èyí tí ìdílé kò bá fẹ́ dí, kí ó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Umuahia ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun láti 1985, níbi tí ọmọ ilé-ìwé ti lè rí ohun tí baba rẹ̀ lò. Kàbà, tí ọmọ ogun gba inú rẹ̀ kọjá lọ ṣẹ́gun Bídà, yẹ kí ó ní yàrá kan, ó kéré tán, tí Ọbárò àti àwọn ọba Ọ̀kún yòókù lè fi ogún ìlú wọn sí, lábẹ́ àbójútó àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ẹ ra Lee-Enfield, ẹ ra Snider, ẹ kọ́ ìtàn wọn, ẹ kọ́ ọmọ yín bí a ṣe ń gbé ìbọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù. Ẹ ya àwòrán wọn, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé fún àwọn olùkọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń di ẹrù fún àbọ̀ ilé, ẹ fi irin náà sílẹ̀ níbi tó wà. Ìtàn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbé wá.